Nígbà Tí Itọ́ Tán Lẹ́nu Ìyá Àgbà

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni àbúrò mi wá kan ilẹ̀kùn mi pé Ìyá Àgbà ti kú. Mo ń fọ abọ́ lọ́wọ́. Mo fọ èyí tó kù tán, mo da omi nù, mo nu ọwọ́ mi, kí n tó lọ jókòó tì í. Mò ń retí ẹkún. Ẹkún ò wá. Àbúrò mi náà ò sunkún. A kàn jókòó, à ń wo ara wa bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù wúwo kalẹ̀, tí ọrùn rẹ̀ ò tíì mọ̀ pé ẹrù ti kúrò.

Látìgbà náà làwọn èèyàn ti ń wá bá wa kẹ́dùn. "Ìyá rere lọ." "Igi ńlá wó." Mò ń dá wọn lóhùn pé ẹ ṣeun, ẹ kú ìrìn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí mi ò bá kọ èyí sílẹ̀, tó bá yá, irọ́ yẹn làwọn ọmọ wa máa gbà gbọ́. Ìyá Àgbà kì í ṣe ìyá rere. Akíkanjú ni. Ó mọ ọjà. Kì í fọwọ́ kan nǹkan ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ká tó pe èèyàn ní ẹni rere, ó yẹ ká rí ẹnì kan tó ṣe rere fún.

Nǹkan kan wà tí mo gbọ́dọ̀ là yé yín kí n tó máa lọ. Títí tó fi kú, "ẹ" ni mò ń pè é lójú rẹ̀, "wọ́n" ni mò ń pè é lẹ́yìn rẹ̀, torí bẹ́ẹ̀ ni màmá mi ṣe kọ́ wa. Ní báyìí tó ti wọ ilẹ̀, "ó" ni màá máa pè é. Màmá mi ni màá máa pè ní "wọ́n". Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó má bínú.

Ìyá Ràfíù làwọn aráàdúgbò mọ̀ ọ́n sí, nítorí Ràfíù, bàbá mi, ni ọmọ kan ṣoṣo tó yè fún un. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Ó ti wà ní Èkó tipẹ́ kí wọ́n tó bí mi. Abọ́ tánńganran ló ń tà ní Òṣòdì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin: abọ́ olódòdó, ìkòkò elétí méjì, póò tí wọ́n ń gbé sábẹ́ ibùsùn. Láti inú èrè abọ́ yìí ló ti kọ́ ilé sí Ìsọlọ̀, níbi téèyàn ti ń gbọ́ fèrè àwọn ilé iṣẹ́ bí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ òṣìṣẹ́. Yàrá méjì ni àwa ń gbé, ó fi àwọn yòókù háyà fún ayálégbé. Èyí kì í ṣe nǹkan kékeré fún obìnrin tí kò ní ẹnikẹ́ni lẹ́yìn. Mi ò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n itọ́ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Bí inú bá bí ẹlòmíràn, á pariwo. Bí inú bá bí Ìyá Àgbà, á tutọ́. Ó máa ń lá áásáà, itọ́ rẹ̀ sì máa ń dúdú, ó nípọn, ó sì lè dé ibi tó bá fojú sùn. Mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ìsọ̀ lọ́jọ́ kan tí obìnrin kan tó lóyún ń ná abọ́ ìwẹ̀ ọmọ. Obìnrin náà fọ̀wọ̀ ná an, ó tiẹ̀ kúnlẹ̀ díẹ̀. Ìyá Àgbà ò dá a lóhùn. Ó yíjú, ó sì tutọ́ pàá síwájú bàtà rẹ̀.

Obìnrin náà fà sẹ́yìn. "Ẹ̀yin Ìyá, ṣé èmi lẹ tutọ́ sí?"

Ìyá Àgbà ń to abọ́ rẹ̀ lọ, kò gbójú sókè. "Itọ́ mi ni, ilẹ̀ Ọlọ́run ni," ó ní. "Èwo ni tìẹ ńbẹ̀?"

Bó ṣe ń ṣe sí oníbàárà nìyẹn. Nílé, màmá mi ló ń tutọ́ sí. Kò ṣẹlẹ̀ rí kí wọ́n gba iwájú rẹ̀ kọjá kó má yí ẹnu, kó má tutọ́ sójú ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ gbẹ́sẹ̀ lé. Màmá mi á dúró, wọ́n á bu yẹ̀pẹ̀ bò ó, wọ́n á kọjá. Mi ò gbọ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ sí i rí.

Kì í dúpẹ́. Mi ò sọ pé kì í sábà dúpẹ́ o. Kì í dúpẹ́ rárá. Ayálégbé kan wà nílé wa tó ń jẹ́ Bàbá Táyé, awakọ̀ lọ́rì tó ń kó sìmẹ́ńtì. Ní ọdún tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, owó epo ń ṣàn nílẹ̀ yìí, gbogbo ayé ń kọ́lé, lọ́rì sìmẹ́ńtì kì í sì í sinmi. Òjò ńlá ká Ìyá Àgbà mọ́ Òṣòdì lọ́jọ́ kan, ọ̀nà kún, kò rí ọkọ̀ wọ̀. Bàbá Táyé rí i, ó bọ́ sílẹ̀ nínú òjò, ó di gbogbo abọ́ rẹ̀ sẹ́yìn lọ́rì, ó gbé Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ síwájú, ó gbé e délé, ó sì tún bá a já ẹrù sílẹ̀. Gbogbo ara ọkùnrin náà rẹ fún omi. Ó dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí ohun tí gbogbo wa ń retí. Bàbá mi ní, "Màámi, Bàbá Táyé mà ṣeun o."

Ìyá Àgbà ń fún omi aṣọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní, "Oore kì í ṣe ẹrù. Ẹ yéé gbé e lé mi lórí."

Àwa ọmọbìnrin mẹ́ta ni màmá mi bí. Èmi Síkírá ni àkọ́bí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí àbúrò mi tó kéré jù, àwọn obìnrin ilé ti pọnmi, wọ́n ti gbé omi kaná, bàbá mi ń rìn síwá sẹ́yìn lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí agbẹ̀bí pariwo pé obìnrin ni, Ìyá Àgbà wà níbi ilẹ̀kùn. Kò wọlé. Kò béèrè bí màmá mi ṣe ń ṣe. Ó gbé ìborùn rẹ̀ lé èjìká, ó sì sọ ọ́ ketekete kí ẹni tó wà lórí ẹní lè gbọ́: "Ó tún bí àlejò."

Ohun tó ní lọ́kàn ni pé ọmọbìnrin ò ní gbélé baba rẹ̀ pẹ́, ilé ọkọ ló ń lọ. Látọjọ́ náà, àlejò di orúkọ wa. "Ẹ̀yin àlejò, ẹ ti gbálẹ̀?" "Ẹ sọ fún àlejò kékeré yẹn kó dákẹ́ ẹkún." Bàbá mi ń gbọ́. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìsọlọ̀, ẹ̀rọ tó ń pariwo ni wọ́n ń dúró tì látàárọ̀, wọ́n sì máa ń sọ pé etí àwọn ò gbọ́ràn dáadáa mọ́. Mo gbà pé etí wọn ń gbọ́ èyí tó wù wọ́n.

Bàbá mi ti gbìyànjú láti bá mi ṣàlàyé ìyá wọn. Wọ́n ní ọmọkùnrin mẹ́rin ni Ìyá Àgbà sin kí wọ́n tó bí àwọn, pé àwọn ìdílé ọkọ rẹ̀ ń bú u, wọ́n ń pè é ní onísàárè, ẹni tí inú rẹ̀ jẹ́ sàárè ọmọ, pé òun ló fà á tó fi gbé ọmọ kan ṣoṣo náà pọ̀n wá sí Èkó. Wọ́n sọ ọ́ kí n lè yọ́nú sí i. Mo gbọ́. Ó dùn mí fún ọ̀dọ́bìnrin tó sin ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti fi inú rẹ̀ bú rí, òun ló yẹ kó mọ bó ṣe ń ta èèyàn.

Ìjà tó pọ̀ jù lọ́dún náà wá láti orí fìríìjì. Ìjọba ti fi owó kún owó oṣù, ilé iṣẹ́ bàbá mi náà fi kún tiwọn, bàbá mi sì bá màmá mi ra fìríìjì kan kí wọ́n lè máa ta omi tútù àti mínírà fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọjá. Gbogbo àdúgbò wá wò ó. Àwa ọmọ ń ṣí i, à ń tì í, kí iná inú rẹ̀ lè tàn. Ìyá Àgbà ò wá wò ó. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń pè é ní pósí funfun. Bí màmá mi bá gbé omi tútù fún un, á fọwọ́ ti ife náà. "Gbé e kúrò níwájú mi. Òkú ni nǹkan tútù yẹ."

Lẹ́yìn èyí ni eyín dé.

Eyín ńlá kan lẹ́yìn, lápá ọ̀tún, ló bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń fi orín họ ọ́, ó ń ki áásáà sínú ihò rẹ̀. A kàn rí i pé ó ti ń fi ẹ̀gbẹ́ kan jẹun. Nígbà tó yá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, ojú ọ̀tún fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé, ó fi gèlè di àgbọ̀n mọ́ orí. Bàbá mi tọrọ àyè níbi iṣẹ́, wọ́n pe takisí, ó di ọsibítù. Màmá mi bá wọn lọ, wọ́n sì mú mi dání kí n lè gbé fúláàsì omi.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ni dókítà eyín náà, onísùúrù. Ó ní, "Ìyá, mo máa fún yín lábẹ́rẹ́. Ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára mọ́."

"Ta ló sọ fún ọ pé mò ń bẹ̀rù?" Ìyá Àgbà dáhùn.

Wọ́n yọ ọ́. Ó jáde pẹ̀lú òwú lẹ́nu, ẹnu náà wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sì lè sọ ọ̀rọ̀. Dókítà kọjú sí màmá mi. "Ṣé ẹ̀yin lẹ máa tọ́jú wọn?"

"Èmi ni, sà."

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Kí wọ́n fi eyín di òwú yẹn mú títí ẹ̀jẹ̀ á fi dá. Ẹ̀jẹ̀ tó bá dì sínú ihò yẹn, òun ni ìdérí ọgbẹ́. Bó bá ṣí, afẹ́fẹ́ máa kan egungun, ẹ máa wá rí ìrora tó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Torí náà, kò sí áásáà, kò sí obì, kò sí nǹkan gbígbóná. Kí wọ́n má fi ẹnu fa nǹkan mu. Lónìí, kí wọ́n má tiẹ̀ fi omi ṣan ẹnu. Tó bá di ọ̀la, ẹ fún wọn lómi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tẹ́ ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí, kí wọ́n gbé e sẹ́nu jẹ́jẹ́, kí wọ́n la ẹnu kó ṣàn jáde." Ó na ìka kan sókè. "Àti pé, Màdáámù, wọn ò gbọdọ̀ tutọ́. Èyí ló ṣe pàtàkì jù."

Bàbá mi wo ilẹ̀. Mo wo Ìyá Àgbà. Ojú rẹ̀ wà lára màmá mi.

A padà sílé lọ́jọ́ náà. Màmá mi mú yìnyín nínú fìríìjì, wọ́n fi ọmọ ọlọ lù ú wẹ́wẹ́, wọ́n dì í sínú aṣọ tó mọ́, wọ́n gbé e lé e lẹ́rẹ̀kẹ́. Wọ́n á gbé e sí i díẹ̀, wọ́n á gbé e kúrò kí ara má baà kú tipiri, wọ́n á tún gbé e sí i. Ìyá Àgbà kọjú sí ògiri. Kò ti ọwọ́ wọn kúrò. Ìrọ̀rí méjì ni wọ́n fi gbé orí rẹ̀ sókè nígbà tó fẹ́ sùn, torí ẹ̀jẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, màmá mi gbé ògì tó ti tutù wá, láìsí ṣúgà, pẹ̀lú ṣíbí kékeré. Wọ́n gbé e sílẹ̀, wọ́n sì gba iwájú rẹ̀ kọjá láti lọ ṣí fèrèsé kí atẹ́gùn lè wọlé. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo rí i bó ṣe yí ẹnu. Mo ní, "Ìyá, dókítà ní..." Mi ò tíì sọ ọ́ tán. Ó tutọ́. Ó fi gbogbo agbára rẹ̀ tu ú, bó ṣe máa ń ṣe. Ẹ̀jẹ̀ ni. Ó balẹ̀ sẹ́bàá ẹsẹ̀ màmá mi, ohun dúdú kan tó ki wà nínú rẹ̀ bí ẹ̀dọ̀. Kì í ṣe pé ó gbàgbé. Mo rí ojú rẹ̀.

Màmá mi lọ bu yẹ̀pẹ̀ wá láti ìta, wọ́n sì dà á bò ó.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni ìrora dé, tó dé tòótọ́. Ó gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ sínú etí, ó gba etí lọ sí àtàrí. Ó ń kérora láìlè pa ẹnu dé, ó ń fi ẹnu mí, ó sì tún yọ́ áásáà lá nígbà tó rò pé ẹnikẹ́ni ò rí òun. Nígbà tó fi di ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ẹnu rẹ̀ ti gbẹ táútáú. Ètè rẹ̀ là. Ahọ́n rẹ̀ lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu, bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, a máa ń gbọ́ ọ bó ṣe ń ṣí kúrò, pẹ̀ẹ́, bí ewé tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀kọ. Màmá mi gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ó yí ẹnu. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó tún yí i. Itọ́ ti tán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: inú mi dùn.

Inú màmá mi ò dùn. Wọ́n gbé e padà sí ọsibítù. Dókítà wo inú ẹnu rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. "Ìdérí ọgbẹ́ ti ṣí. Ìyá, ṣé ẹ tutọ́?"

Ìyá Àgbà mi orí pé rárá.

Dókítà wo màmá mi. Màmá mi ní, "Àgbàlagbà ni wọ́n, sà. Ẹ ṣáà bá wa ṣe é." Dókítà fi omi fọ ihò náà, ó ki nǹkan kan sínú rẹ̀ tó ń rùn bíi kànáfùrù, ó ní kí wọ́n máa mú un wá kí òun máa pààrọ̀ rẹ̀ títí ẹran á fi bo egungun.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ náà ni màmá mi fi jókòó tì í. Wọ́n ránṣẹ́ sí àbúrò wọn kó wá máa bá wọn ta omi tútù, kí ọjà má baà dúró. Wọ́n kó áásáà náà pamọ́. Wọ́n ń fún un lómi díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe ife kún lẹ́ẹ̀kan, bíkòṣe ìwọ̀nba tó lè rin ahọ́n, kó tó tún gbẹ wọ́n á tún fún un. Wọ́n ń fọ́ yìnyín kéékèèké bí ọkà bàbà, wọ́n ń fi ṣíbí gbé e lé ahọ́n rẹ̀ kó yọ́ fúnra rẹ̀. Wọ́n ń fi òrí pa ètè rẹ̀. Wọ́n fi aṣọ tútù kọ́ ojú fèrèsé kí atẹ́gùn tó ń wọlé má baà gbẹ jù. Wọ́n ń lọ ẹ̀fọ́ àti ẹja kúnná sínú ọbẹ̀ tí kò ní ata. Ìyá Àgbà ń gbé e mì. Nígbà tó yá, bí màmá mi bá fẹ́ dìde, á di ọwọ́ wọn mú.

Bàbá Táyé rí i, ó ní, "Ọlọ́run ti tún ilé yìí ṣe." Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó bẹ́ẹ̀. Ọmọdé ni mí nígbà náà.

Ohun tí àwa ò mọ̀ ni pé kí eyín tó dé, Ìyá Àgbà ti ránṣẹ́ sí Ìsẹ́yìn pé kí wọ́n wá ìyàwó mìíràn fún bàbá mi. Wọ́n ti rí ọmọ náà, Ṣìfáwù ni orúkọ rẹ̀. Bàbá mi mọ̀. Wọ́n ń jẹ ògì nílé wa, wọ́n ń wo màmá mi bí wọ́n ṣe ń fọ́ yìnyín fún ìyá wọn, wọ́n mọ̀, wọn ò sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni Bàbá Yẹkínì, àbúrò Ìyá Àgbà, dé láti Ìsẹ́yìn. Ara Ìyá Àgbà ti yá díẹ̀, wọ́n gbé e jókòó sí pálọ̀. Bàbá mi wà níbẹ̀. Èmi àti àwọn àbúrò mi jókòó sílẹ̀. Màmá mi kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀ pẹ̀lú abọ́ yìnyín lọ́wọ́, torí ẹnu náà ṣì ń gbẹ.

Bàbá Yẹkínì kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ti gbọ́ gbogbo nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu àwọn ayálégbé kó tó wọlé. Ó wúkọ́. Ó ní, "Ìyá Ràfíù, mo kí yín kú ewu. A gbọ́ pé aya yìí ló tọ́jú yín. Ó ṣe bẹbẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá fúnra mi. Ọ̀rọ̀ ọmọ tẹ́ ẹ ní ká wá fún Ràfíù, àwọn òbí rẹ̀ ń dúró. Ṣé ká ṣì mú un wá, àbí ká fi í sílẹ̀?"

Bí màmá mi ṣe kọ́kọ́ gbọ́ ọ nìyẹn. Wọ́n kàn wo bàbá mi. Bàbá mi ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara wọn.

Ìyá Àgbà fẹ́ sọ̀rọ̀. Ahọ́n rẹ̀ lẹ̀. Ó fi ìka tọ́ka sí abọ́. Màmá mi bu yìnyín sínú ṣíbí, wọ́n gbé e sí i lẹ́nu. Gbogbo wa ń wò ó bó ṣe ń yọ́ ọ lẹ́nu, tó ń fi ahọ́n rin ètè òkè, tó ń rin ti ìsàlẹ̀. Ó gbé e mì. Ohùn rẹ̀ wá jáde, ó mọ́ gaara.

"Ẹ mú un wá," ó ní. "Ìtọ́jú kì í bí ọkùnrin."

Bàbá Yẹkínì ní, "Háà, ẹ̀gbọ́n mi."

Orí ìkúnlẹ̀ ni màmá mi wà tí wọ́n fi pe bàbá mi. "Bàbá Síkírá, ṣé ẹ gbọ́?"

Bàbá mi ní, "Màámi ni, Ìyá Síkírá. Kí ni kí n ṣe?"

Màmá mi gbé abọ́ náà sórí itan Ìyá Àgbà. "Ó ṣẹ́ kù díẹ̀, Ìyá. Ẹ mu ún kó tó yọ́." Wọ́n dìde, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù wa.

Bàbá Táyé ló fi lọ́rì rẹ̀ kó wa. Òun àti mọ́tò-bọ́ì rẹ̀ gbé fìríìjì náà jáde láti pálọ̀. Bí wọ́n ṣe ń gbé e kọjá níwájú Ìyá Àgbà, Ìyá Àgbà ní kí wọ́n gbé e sílẹ̀, pé nínú ilé òun ló wà. Màmá mi, tí mi ò gbọ́ ohùn wọn sókè sí i rí, dúró síwájú rẹ̀. "Ìyá, ẹ ní pósí ni. Òkú kan ṣoṣo tó wà nínú ilé yìí ti ń lọ. Ẹ jẹ́ kó gbé pósí rẹ̀ dání." Wọ́n sì jáde.

Yàrá kan ni a gbà ní Òṣòdì, lódìkejì ojú irin, a sì ń gbọ́ ọkọ̀ ojú irin bí ẹni pé ó máa gba orí ibùsùn wa kọjá. Màmá mi ń ta omi tútù àti mínírà níwájú ilé. Ó le fún wa. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò pè wá ní àlejò níbẹ̀. Bàbá mi máa ń wá lópin ọ̀sẹ̀, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ńṣì bí oníbàárà, màmá mi á fún wọn ní mínírà, wọ́n á bi bàbá mi léèrè iṣẹ́, wọn ò ní bi wọ́n léèrè ilé.

Ṣìfáwù dé Ìsọlọ̀. Kò pẹ́ púpọ̀, ó bí ọkùnrin, Mùfú. Ìyá Àgbà pa àgbò, ó jó, wọ́n ní ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ohun tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Mo rò pé ìyẹn máa tó o. Kò tó o. Itọ́ ti padà sẹ́nu rẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn tó ń gba iwájú rẹ̀ kọjá mọ́ àfi Ṣìfáwù. Ó ní ọbẹ̀ rẹ̀ ò dùn, ìrìn rẹ̀ ò dáa, ó ń gbé ọmọ náà sódì. Lọ́jọ́ tí Ṣìfáwù kúnlẹ̀ pé, "Ìyá, kí ni mo ṣe fún yín?", èsì tó fún un nìyí, Ṣìfáwù fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún wa: "Ọmọ ni mo ní kí o bí. O ti bí i. Kí lo tún ń dúró ṣe?"

Ṣìfáwù gbé Mùfú pọ̀n wá sí Òṣòdì lọ́sàn-án gangan. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Mo fẹ́ ti ilẹ̀kùn. Màmá mi ní, "Fún un lága." Wọ́n ṣí mínírà fún un, wọ́n gba ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò mọ gbogbo ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ. Mo mọ̀ pé ó sunkún títí igò fi gbẹ, pé ó padà wá lọ́sẹ̀ kejì, pé nígbà tó yá ó kó kúrò ní Ìsọlọ̀, ó sì ń bá wọn ta omi lọ́jọ́ Sátidé. Mùfú dàgbà sọ́wọ́ wa, àbúrò wa ni, kò sí ìjà láàárín àwa àti òun rí. Ìyá Àgbà nìkan ló kù sínú ilé Ìsọlọ̀ pẹ̀lú bàbá mi àti àwọn ayálégbé, ó ń ṣàkóso wọn. Bí mo ṣe ń lọ kí i lọ́dọọdún, tí mò ń kúnlẹ̀, tí mò ń gbé ẹran iléyá fún un, kò bi mí léèrè màmá mi lẹ́ẹ̀kan rí. Ó pẹ́ láyé. Kò ṣàìsàn púpọ̀. Ojú oorun ló gbà lọ.

Lọ́jọ́ fídáù rẹ̀, wọ́n na tápólì síwájú ilé. Àlùfáà ṣe wáàsí, ó ní ìyá onísùúrù ni, ìyá tó kó gbogbo ọmọ mọ́ra. Mo wo ibi tí màmá mi jókòó sí láàárín àwọn obìnrin. Wọ́n kàn tún ìborùn wọn ṣe. Àlùfáà wá ní kí àkọ́bí nínú àwọn ọmọ ọmọ dìde, kó sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà fún ayé gbọ́. Èmi nìyẹn.

Mo dìde. Mo ní, "Wọ́n bí bàbá wa. Wọ́n kọ́ ilé tí ẹ jókòó síwájú rẹ̀ yìí, ẹnì kan ò bá wọn kọ́ ọ. Wọ́n ní ọmọ ọmọ. Wọn ò fẹ́ wa, wọ́n sì sọ ọ́ fún wa lójú. Àwọn obìnrin méjì ló tọ́jú wọn nínú ilé yìí, wọ́n lé àwọn méjèèjì. Mi ò mọ nǹkan mìíràn. Kí Ọlọ́run san án fún wọn bó ṣe tọ́ sí wọn."

Ó yẹ kí gbogbo èèyàn ṣe àmín. Ẹnikẹ́ni ò ṣe é. Àlùfáà ń fi ìka ka tẹ̀súbáà rẹ̀, ó ń wo bàbá mi. Bàbá mi ń wo àtẹ́rígbà. Ọmọ kan ń sunkún lẹ́yìn ilé, ẹnì kan sì ń pa á lẹ́nu mọ́.

Ṣìfáwù wá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè láàárín àwọn obìnrin.

"Àmín," ó ní, ó sì fi ọwọ́ náà nu ojú rẹ̀.